Orúkọ Tí Ewúrẹ́ Jẹ

Ìyá bàbá mi kì í dárí jini. Mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí mọ èyí ṣáájú ohun gbogbo, nítorí pé ní ọjọ́ tí a sin ín, obìnrin kan tí èmi kò mọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń ròyìn. Wọ́n ní onísùúrù ni. Wọ́n ní ó máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀ bí omi ṣe ń gbàgbé ipa ọkọ̀. Ààfáà pàápàá gbé ohùn sókè pé ìyá náà kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá rí láyé. Mo wo bàbá mi, bàbá mi wo ilẹ̀. Àwa méjèèjì mọ̀ pé bí òkú bá lè jiyàn, ìyá ìbá ti ká aṣọ funfun náà kúrò lójú, kí ó ní, “Ààfáà, ta lẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?”

Ìyá Ẹ̀pẹ́ ni gbogbo agbo ilé wa ní Ìkòròdú ń pè é, nítorí pé Ẹ̀pẹ́ ni bàbá bàbá mi ti fẹ́ ẹ wá. Inú yàrá rẹ̀ ni mo dàgbà sí, oríkì mi, Àṣàkẹ́, ni ó sì fi ń pè mí. Mo ń kọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìyìn gba ìjà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ó ni ìjà náà. Ó pọ̀n ọ́n pẹ́ ju bí ó ti pọn ọmọ èyíkéyìí lọ.

Òdòdó ni ó dá ìjà náà sílẹ̀.

Nígbà tí ó lóyún àkọ́bí rẹ̀, ó lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi padà bọ̀. Ìjì dé bá wọn lórí ọ̀sà. Omi ń wọ inú ọkọ̀, atukọ̀ ti ju àjẹ̀ sílẹ̀, ó ń ké pe Ọlọ́run. Ìgbì bá gbá ọkọ̀ náà wọ àárín òṣíbàtà tí ó kún etí omi. Ewé wọn tí ó fẹ̀ bí àwo àti okùn wọn tí ó gùn wálẹ̀ lọ́ mọ́ ọkọ̀ náà, wọ́n dì í mú títí ìjì fi rọlẹ̀. Nígbà tí ìyá la ojú, òdòdó funfun ni ó rí yíká, wọ́n ń mì jẹ́ẹ́jẹ́ lórí omi tí ó fẹ́ pa á, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí òun bá bí obìnrin, Òṣíbàtà ni yóò máa jẹ́. Ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìkòròdú, kò sì sí ní Ẹ̀pẹ́. Adé, ọlá, ayọ̀ àti ọ̀nà tí ọmọ gbà wáyé ni àwọn ènìyàn wa fi ń sọ ọmọ. Òdòdó ṣọ̀wọ́n. Ó ní nǹkan tí ó gba òun là kò wọ́pọ̀ náà.

Obìnrin ni ó bí. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti kú nígbà náà, nítorí náà àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ni ó dúró ní ipò ìyá ọkọ. Òun ni a mọ̀ sí Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀ lónìí, nítorí pé Ìbẹ̀ṣẹ̀ ni ó lọ́kọ sí kí ó tó padà wá sí ilé bàbá rẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Ó kéré sí ìyá lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyàwó bá nílé, ọkọ ni fún ìyàwó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n gbé abọ́ omi sórí ẹní. Ẹni tí ó bá ní orúkọ láti fún ọmọ a ju owó sínú omi náà, a sì pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó kan ìyá, kò ju owó. Òdòdó òṣíbàtà kan tí ó ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́ pé kí wọ́n já wá ni ó fi lé orí omi náà.

Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀ fi orí ìka méjì yọ ọ́ jáde, omi ń kán tótó.

“Kí lèyí? Koríko odò? Ìyàwó, ṣé ẹja lo bí fún wa ni?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó sọ òdòdó náà sí àgbàlá. Ewúrẹ́ rẹ̀ kan tí ó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri na ọrùn, ó sì jẹ ẹ́ tán kí ìyá tó lè dìde lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí omijé bọ́ lójú ìyá, Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ẹ̀rín. “Ẹran ò mọ ohun tó ní orúkọ, ìyàwó. Panu mọ́.” Wọ́n fún ọmọ náà ní orúkọ mìíràn. Ibà mú un lọ kí ó tó lè rìn.

Ìyá kò fi ikú náà kan ẹnikẹ́ni. Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan, bí mo ti ń di irun rẹ̀.

“Ibà ló pa á, Àṣàkẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọmọ aráyé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ sunkún, mi ò mọ orúkọ tí ǹ bá fi pè é. Èyí tí wọ́n fún un kì í ṣe tèmi. Tèmi wà níkùn ewúrẹ́.”

Kí n tó gbọ́ ìtàn yẹn, ẹran ewúrẹ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí n fura. Bí ó bá di ìgbà Iléyá tí gbogbo agbo ilé ń pín ẹran àgbò, ìyá a ní kí wọ́n gbé ìpín òun fún aládùúgbò. Ewúrẹ́ ni ó máa ń rà fún ara rẹ̀. Orí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ, lẹ́yìn náà etí, lẹ́yìn náà ahọ́n, a sì fa mùdùnmúdùn inú egungun títí egungun yóò fi máa súfèé. Nígbà tí eyín rẹ̀ ká tán, ó ní kí n máa bá òun fi ọmọ odó gún un. Níbi ìnáwó ẹlòmíràn, ìbéèrè tí ó máa ń bi ẹni tí ó ń bu oúnjẹ ni, “Ṣé ewúrẹ́ ni?” Bí kì í bá ṣe ewúrẹ́, ìrẹsì nìkan ni yóò jẹ.

Mo ní, “Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ràn ẹran ewúrẹ́ tó báyìí ni?”

Ó jẹ èyí tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ tán, ó nu ọwọ́.

“Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Òórùn ẹ̀ ń mú èébì gbé mi. Ṣùgbọ́n ìran wọn ló jẹ orúkọ ọmọ mi. Mà á máa jẹ wọ́n lọ títí mà á fi kan ẹni tó jẹ ẹ́.”

Àṣà kan wà ní ilé wa tí ìyá fi ṣe ohun ìjà. Ìyàwó kò gbọdọ̀ pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Ó ní láti fún un ní orúkọ àpọ́nlé, bí Ìbàdíàrán tàbí Adúmáradán, kí ó sì máa fi kúnlẹ̀ kí i. Kí ìjà tó dé, Eyínfúnjowó ni ìyá ń pe Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀, nítorí pé eyín obìnrin náà funfun lóòótọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn, ó pa orúkọ náà tì, ó sì ń pè é ní Ọlọ́sìn. Àlejò tí ó bá gbọ́ a rò pé ìyìn ni, pé ìyá náà ní ẹran púpọ̀. Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹran tí à ń wí. Láràárọ̀ tí obìnrin náà bá ti wà nílé, ìyá a ré àgbàlá kọjá, a kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Ọlọ́sìn mi, ẹ káàárọ̀. Ẹran ńkọ́? Ṣé wọ́n yó?”

“Ìyàwó, dìde. Ó tó.”

“Kò tíì tó, Ọlọ́sìn mi. Ṣé wọ́n rí nǹkan jẹ lánàá?”

Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀ ta gbogbo ewúrẹ́ rẹ̀ nítorí ìkíni yìí, kí wọ́n tó bí bàbá mi pàápàá. Ìkíni náà kò dúró. Nígbà tí orúnkún ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí dókítà ní kí ó má kúnlẹ̀ mọ́, ó gé fóòmù àtijọ́ kan, ó sì ń há a mọ́ abíyá lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́, ó ní, “Màámi, ẹ kàn tẹríba díẹ̀, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ẹ ti bọ̀wọ̀ fún wọn tó.”

Ìyá wò ó bí ẹni tí ó bí ọmọ tí kò gbọ́n.

“Ta ló sọ fún ọ pé ọ̀wọ̀ ni mò ń bọ̀? Orúnkún mi yìí ni pàṣán mi.”

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó kí wọ́n máa nà án lásán. Ìyá ní ológbò kan tí ó sọ ní Ẹnuápèé. Ní ìrọ̀lẹ́, a dúró láàárín àgbàlá pẹ̀lú orí ẹja, a máa ké pé, “Ẹnuápèé o! Ẹnuápèé, wá jẹun!” Láàárín oṣù kan, Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀ ra àgbébọ̀ adìẹ, ó sọ ọ́ ní Etíádi. Ìyá yóò ké pé ẹnu á pè é, èkejì yóò ju àgbàdo sílẹ̀, yóò ké pé etí á di kí ó tó gbọ́. Àwọn ayálégbé wa tí wọ́n wá láti Ọ̀yọ́ máa ń rẹ́rìn-ín sí wọn láti ojú fèrèsé. Wọ́n ní, “Ẹ wo bí àwọn ìyá yìí ṣe fẹ́ràn ẹran ọ̀sìn.”

Ní ọjọ́ kan, Ẹnuápèé pa Etíádi. Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀ di ìyẹ́ adìẹ náà mú, ó rìn wá títí dé ẹnu ọ̀nà wa, ohun tí kì í ṣe.

“Ìyàwó! Ológbò rẹ ti jẹ adìẹ mi.”

Ẹ̀fọ́ ni ìyá ń já. Kò dìde, kò sì gbé ojú sókè.

“Ẹ má bínú, Ọlọ́sìn mi. Ẹran ò mọ ohun tó ní orúkọ.”

Ó yẹ kí ènìyàn béèrè ìdí tí kò fi fún ọmọ mìíràn ní orúkọ náà. Ó bí ọmọbìnrin kan lẹ́yìn bàbá mi. Bàbá bàbá mi fúnra rẹ̀ ni ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ èyí ní Òṣíbàtà, pé òun yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ àbúrò òun síta ní ọjọ́ náà. Ìyá kọ̀. Nígbà tí wọ́n bí mi, bàbá mi fi orúkọ náà lọ̀ ọ́. Ó tún kọ̀. Mo máa ń jowú orúkọ náà nígbà tí mo wà ní kékeré, nítorí pé ó rẹwà ju tèmi lọ. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí ó fi dù mí, ó fà mí mọ́ra, ó sì sọ ohun tí ó ń fẹ́ fún mi ní kedere, ohùn rẹ̀ tútù bí ti ẹni tí ó ń júwe ọ̀nà ọjà.

“Kì í ṣe etí ọmọ tèmi ni mo fẹ́ kó wọ̀ mọ́. Ẹnu tó kọ̀ ọ́ ni mo fẹ́ kó ti jáde. Mo fẹ́ kó máa pè é láàárọ̀, kó máa pè é lálẹ́, kó máa fi ìfẹ́ pè é. Ìgbà yẹn ni mà á tó sùn.”

Àǹfààní náà dé láti ọwọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Sàkírù, ọmọ ọmọ Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀, fẹ́ ìyàwó kan tí ń jẹ́ Bọ́sẹ̀, ọmọ Ìkirè, ìyàwó náà sì bí obìnrin sínú agbo ilé wa. Bọ́sẹ̀ kò ní ìyá mọ́. Ọwọ́ Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀ ti ń gbọ̀n, kò lè wẹ ọmọ tuntun, bẹ́ẹ̀ ìyá ni ó sì ń wẹ gbogbo ọmọ tí a bí sí àgbàlá yẹn. Sàkírù wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi tù ú nínú nígbà tí ìyá ní, “Ẹ gbé omi kaná.” Mo rò pé ogbó ti rọ̀ ọ́. Mi ò mọ̀ ọ́n tó.

Èmi ni mo ń gbé aṣọ ìnura tẹ̀lé e. Ó ń na apá ọmọ, ó ń na ẹsẹ̀, ó ń fi omi gbígbóná tẹ orí rẹ̀, Bọ́sẹ̀ sì dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń tẹ fóònù.

“Ìyá, mo fẹ́ orúkọ òdòdó fún un o. Èyí tẹ́nikẹ́ni ò tíì jẹ́ ní gbogbo Ìkòròdú yìí. Rósì ti pọ̀ jù. Ẹ gbọ́ eléyìí: Jásímìnì.”

“Jásí kí ni?”

“Jásímìnì, mà.”

“Ó dà bí oògùn ikọ́. Ṣé o ti rí òdòdó náà rí?”

“Rárá o, inú fóònù ni.”

“Ṣé ohun tí ìyá ò rí rí ni wọ́n fi ń sọ ọmọ? Àṣàkẹ́, ìwọ bá wọn wá òdòdó tó ń gbé orí omi.”

Mo wá a. Àwòrán náà kún ojú fóònù, funfun, àárín rẹ̀ pọ́n bí pupa ẹyin. Bọ́sẹ̀ dìde jókòó.

“Háà! Èyí ga o! Kí ló ń jẹ́?”

Ọwọ́ ìyá dúró lórí àyà ọmọ náà, ọṣẹ ń ṣàn lọ láàárín ìka rẹ̀.

“Òṣíbàtà ni. Bí ọ̀sà kún dé ẹnu ọ̀nà ilé, orí rẹ̀ ni yóò wà. Omi ò bò ó rí.”

“Òṣíbàtà.” Bọ́sẹ̀ tọ́ ọ wò lẹ́nu bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ wò. “Òṣíbàtà ọmọ Sàkírù. Ta ló ń jẹ́ ẹ, Ìyá?”

“Wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jẹ́ ẹ.”

Bọ́sẹ̀ ní òun gba èyí. Nígbà tí a jáde, mo ní, “Ìyá, ọmọ yẹn kì í ṣe ọmọ yín.” Ó da omi ìwẹ̀ sí àgbàlá, omi náà ṣàn lọ sí ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀ níbi tí ó jókòó sí.

“Mo mọ̀. Ọmọ ẹnu yẹn ni.”

Ní ọjọ́ tí ó ku ọ̀la kí wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ, èmi àti rẹ̀ wọ ọkọ̀ gba Ìtóìkin lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó lè rán ẹlẹ́ja kan, ṣùgbọ́n ó ní ẹsẹ̀ òun ni yóò dé ibẹ̀. A sọ̀kalẹ̀ lẹ́bàá ọjà ẹja, ó bá apẹja kan ṣọ̀rẹ́, wọ́n fi ọkọ̀ kékeré gbé wa dé ibi tí omi ti dákẹ́. Ó na ọwọ́ já òdòdó náà fúnra rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ okùn rẹ̀, ó fọwọ́ pa irun orí mi jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tí ó rántí pé mo wà níbẹ̀, ó sì gbé òdòdó náà sínú korobá omi. Nígbà tí a wọ bọ́ọ̀sì padà, kọ̀ńdọ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Màmá, korobá yìí máa san owó ìjókòó o.”

“Èyí tí mo fi ẹsẹ̀ gbá mọ́ra yìí? Ìwọ ni kó o dìde fún un, ó jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí.”

Gbogbo èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tí ó jókòó sẹ́yìn na ọrùn wò ó, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, kí lẹ fẹ́ fi koríko yẹn ṣe?”

Ìyá kò bojú wẹ̀yìn.

“Mo fẹ́ fi gbẹ̀san.”

Ẹ̀rín náà tán nínú ọkọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ti yí àdúgbò ká, ó ti bẹ gbogbo ẹni tí ó ní ewúrẹ́ pé kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀. Ààfáà ṣe àdúrà, ó pe orúkọ mùsùlùmí ọmọ náà, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ìdílé. Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀ jókòó lórí àga rẹ̀, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nítorí pé òun ni àgbà nínú àwọn ọmọ ilé, òun ni yóò kọ́kọ́ pe orúkọ kọ̀ọ̀kan kí àwọn yòókù tó pè é. Ó pe Mọ́rẹ́nikẹ́, a pè é tẹ̀lé e. Bọ́sẹ̀ bá kúnlẹ̀, ó gbé òdòdó náà lé orí omi inú abọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ẹ bá mi pe tèmi, Ìyá. Òṣíbàtà.”

Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀ wo inú abọ́ náà. Ojú rẹ̀ kò dára mọ́, ṣùgbọ́n ó rí i. Ó gbé orí sókè, ó ń wá ẹnì kan láàárín àwọn ìyàwó ilé. Ìyá mi wà ní iwájú, lórí fóòmù rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

“Ìyàwó.”

“Ọlọ́sìn mi.”

“O ò tíì gbàgbé.”

“Kí ni mo fẹ́ gbàgbé? Ẹran ò sí níta lónìí. Ẹ pè é.”

Ààfáà rí i pé nǹkan kan ń jó lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì na ọwọ́ sí abọ́. “Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ ká fi sùúrù ṣe é. Omi ò lọ́tàá.”

“Òótọ́ lẹ sọ, Ààfáà,” ni ìyá wí. “Omi ò lọ́tàá. Èmi ni mo ní.”

Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀ pa ètè mọ́ra bí ẹni tí ó há omi sẹ́nu. Sàkírù, tí kò mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, gbọ́ pé ìdákẹ́jẹ́ náà ń pẹ́ jù, ó sì fi ohùn ńlá pe orúkọ náà fúnra rẹ̀. Gbogbo ilé gbè é. Orúkọ náà mọ́ ọmọ náà lórí. Ṣùgbọ́n ẹnu yẹn kò pè é, ìyá kò sì bá wa jẹun lọ́jọ́ náà.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ogun tí mo rí tí ó pẹ́ jù. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kò sì sí orúkọ mìíràn tí ó ń jẹ́. Bí Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀ bá ní “Mọ́rẹ́nikẹ́”, kò ní í wẹ̀yìn. Ìyá àgbà náà a pàtẹ́wọ́, a fi ọ̀pá lu ilẹ̀, a mi ike bisikíìtì. “Ìwọ! Ìwọ ọmọ yìí! Ọmọ Sàkírù!” Ìyá mi a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwa ní òdìkejì, a dẹ etí sílẹ̀ bí ẹni tí ó ń dẹ ìgèrè sómi fún ẹja. Mo rí i pé Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ràn ọmọ náà dé egungun. Ìyá mi náà rí i, ó sì dùn mọ́ ọn. “Jẹ́ kó fẹ́ràn ẹ̀ sí i,” ni ó máa ń wí. “Ọ̀fun á máa yún un.”

Nígbà tí àìsàn dá ìyá mi sórí ibùsùn, kì í dáhùn ìkíni mi mọ́ tí mo bá ti ilé ìwé dé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó máa ń bi mí.

“Ó ti pè é?”

“Kò tíì pè é, Ìyá.”

Ó kù díẹ̀ kí ó lọ, ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ ti fúyẹ́, ṣùgbọ́n ìdìmú náà le. Mo rò pé yóò ní kí n dárí jì wọ́n lórúkọ òun, bí a ṣe máa ń kà á pé àwọn tí ó ń kú lọ ń ṣe.

“Bó bá pè é lẹ́yìn mi, Àṣàkẹ́, bá mi gbọ́ ọ. Má jẹ́ kó pè é lẹ́ẹ̀kan kó lọ jókòó. Ẹ̀ẹ̀kan ò tó.”

Ẹ̀yìn ilé ni a sin ín sí, lẹ́bàá ibi tí ó ti ń da omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ nù. Ní ọjọ́ tí a parí àdúrà fídáù rẹ̀, tí àwọn àlejò ti lọ, mo jókòó síbẹ̀, mo ń fọ abọ́. Mo gbọ́ ìró ọ̀pá. Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀ ni ó yọ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ọmọ náà fà á lọ́wọ́, nítorí pé ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Ọmọ náà rí labalábá, ó sì já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ìyá àgbà náà dúró láìsí ẹni tí ó dì í mú, ọ̀pá rẹ̀ ń wá ilẹ̀ kiri. Kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

“Mọ́rẹ́nikẹ́.”

Ọmọ náà kò wẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ta ni mo tún ń dákẹ́ fún?” Ó sì gbé ohùn sókè, ohùn náà ha bí ilẹ̀kùn tí a kò ṣí tipẹ́.

“Òṣíbàtà. Wá mú mi dé ibi tó sùn sí.”

Ọmọ náà sáré wá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n dúró lẹ́bàá ilẹ̀ tí kò tíì gbẹ náà. Mo gbé abọ́ sílẹ̀, mo dìde, mo sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ó ti yẹ kí ọmọ ilé kúnlẹ̀ fún àgbà. Ó yí ojú sí ibi tí ìró mi ti wá.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, Ìyá. Àṣàkẹ́.”

“O gbọ́?”

“Mo gbọ́, mà. Ẹ tún un pè.”

Mo rí omi ní ojú rẹ̀ tí ó fọ́, mo sì rántí ẹni tí kò mọ orúkọ tí ìbá fi sunkún ọmọ rẹ̀. Orúnkún mi kò kúrò nílẹ̀.

“Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ọ́,” ni ó wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ pè é sókè.”

“Òṣíbàtà.”

“Mò ń dáhùn o,” ni ọmọ náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni.

“Òṣíbàtà,” ni ìyá àgbà náà tún wí. Kò dúró de kí n sọ fún un mọ́. Ó ń pè é, ó ń fọwọ́ pa orí ọmọ náà, ohùn rẹ̀ sì ń dẹ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tí orúkọ náà bá jáde, títí ó fi dà bí ti ẹni tí ó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mi ò sọ fún un pé ó tó. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo ń bá ìyá mi gbọ́ ọ.